Ilé oúnjẹ báábékìù ní Kansas City àti agbègbè rẹ̀

Ilé oúnjẹ báábékìù Kansas City ni àwọn ṣọ́ọ̀bù, búkà àti ilé oúnjẹ ńlá tí wọ́n ti ń ta ẹran tí wọ́n fi iná igi àti èéfín yan fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìlú náà wà láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí odò Missouri àti odò Kansas ti pàdé, ààlà ìpínlẹ̀ méjì sì gba àárín ẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí Kansas City fi jẹ́ méjì, èyí tó tóbi wà ní ìpínlẹ̀ Missouri, èyí tó kéré wà ní ìpínlẹ̀ Kansas lódìkejì, àmọ́ ẹni tó bá ń wá ẹran jẹ kì í wo ti ààlà yẹn torí ilé oúnjẹ tó dáa wà níhà méjèèjì. Wọ́n máa ń sọ pé ilé báábékìù tó wà lágbègbè náà lé ní 100. Àwọn ará Memphis fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ará Texas fẹ́ràn màlúù, ṣùgbọ́n ní Kansas City gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń yan: màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ, tòlótòló, àgùntàn àti sọ́séèjì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Màlúù àti reluwé ló gbé e dé. Ọdún 1871 ni wọ́n ṣí ọjà màlúù ńlá tí wọ́n ń pè ní Kansas City Stockyards sí West Bottoms, létí odò, reluwé sì ń kó màlúù wá síbẹ̀ láti Texas àtàwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí ọjà náà gbóná, ti Chicago nìkan ló tún jù ú lọ ní Amẹ́ríkà. Omíyalé ọdún 1951 bà á jẹ́ gan-an, wọ́n sì ti í pa ní 1991. Níbi tí wọ́n bá ti ń pa màlúù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹran tó le máa ń ṣẹ́ kù, pàápàá ẹran àyà tí wọ́n ń pè ní brisket, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á. Àwọn èèyàn dúdú tó ń ṣí wá láti gúúsù nígbà yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná díẹ̀díẹ̀ sọ irú ẹran bẹ́ẹ̀ di oúnjẹ gidi.

Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Perry. Agbègbè Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni wọ́n bí i sí, ó ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ọkọ̀ ojú omi, ó wá dé Kansas City ní 1907. Ní 1908 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran yíyan fáwọn òṣìṣẹ́ ní àdúgbò tí wọ́n ti ń rán aṣọ láàárín ìlú. Nígbà tó yá ó kó lọ sí ìlà oòrùn ìlú, ní apá ibi tí àwọn èèyàn dúdú ń gbé, inú ọgbà tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ tírámù sí tẹ́lẹ̀ ló sì ti ń yan ẹran ẹ̀ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe màlúù nìkan ló ń yan, ó ń yan àwọn ẹranko igbó bíi raccoon àti opossum, sẹ́ǹtì 25 ló ń tà á, ìwé ìròyìn ló sì fi ń wé e bíi tàwọn onísúyà. Sọ́ọ̀sì ẹ̀ ta lẹ́nu gan-an. Funfun àti dúdú ló ń tò síwájú ẹ̀ lásìkò tí wọn kì í jẹun pa pọ̀ níbòmíràn nínú ìlú, olówó àti tálákà. Ó kú ní 1940, àwọn èèyàn sì gbà pé òun ni bàbá báábékìù Kansas City.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Perry

Ohun tó sọ Perry di èèyàn pàtàkì ju ẹran tó tà lọ ni àwọn tó kọ́. Charlie Bryant tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló gba ṣọ́ọ̀bù nígbà tó kú, àbúrò ẹ̀ Arthur Bryant tó wá láti Texas sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1946. Arthur dín ata sọ́ọ̀sì kù kó má bàa máa lé oníbàárà, ó sì kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí igun òpópónà 18th àti Brooklyn ní 1958. Stédíọ̀mù ìlú wà nítòsí nígbà náà, kò sì jìnnà sí 18th and Vine tí àwọn olórin jásì ti máa ń ṣeré. Calvin Trillin, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí sí Kansas City, kọ ọ́ síwèé ìròyìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pé kò sí ilé oúnjẹ tó dáa tó ti Arthur Bryant lágbàáyé, àtìgbà yẹn làwọn àlejò ti ń wọ́ lọ síbẹ̀. Arthur kú ní 1982. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà, Ààrẹ Obama sì jẹun níbẹ̀ ní 2014.

Ẹ̀ka kejì ni ti Gates. Ní 1946 George Gates àti ìyàwó ẹ̀ Arzelia ra ilé oúnjẹ kan tí Arthur Pinkard ti ń ṣiṣẹ́, Pinkard yìí ti bá Perry ṣiṣẹ́ rí, òun ló sì kọ́ ìdílé Gates bí wọ́n ṣe ń yan ẹran. Ọmọ wọn Ollie Gates ló sọ ọ́ di ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀ka púpọ̀. Tó o bá wọlé síbẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó padé lẹ́yìn ẹ ni òṣìṣẹ́ tó wà ní kántà á ti pariwo kí ẹ, á sì bi ẹ́ kí lo fẹ́ rà, torí náà ó dáa kéèyàn ti mọ ohun tó fẹ́ kó tó dé iwájú.

Iná, èéfín àti ẹran

Àwọn tó ń ṣàlàyé báábékìù Kansas City sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí sọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n inú ààrò ni iṣẹ́ wà. Ààrò àtijọ́ jẹ́ ti bíríkì, igi hickory ni wọ́n ń lò jù, wọ́n sì tún ń lo oak. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Tó bá tutù, èéfín ẹ̀ á funfun, á nípọn, ẹran á sì korò. Èéfín tó dáa máa ń fẹ́lẹ́ débi pé agbára káká lojú fi ń rí i.

Brisket kì í jinná kíákíá. Àyà màlúù ló ń gbé ìwúwo ara ẹ̀ kiri, torí náà iṣan tó so ẹran ibẹ̀ pọ̀ le bíi kò ṣeé jẹ. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní collagen ló pọ̀ nínú iṣan yẹn, tí wọ́n bá sì fi í sínú ooru tó tó nǹkan bí 110 lórí ìwọ̀n Celsius fún wákàtí 10, 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, collagen á yọ́ di gelatin, òun kan náà ló ń mú kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì tó bá tutù. Ibi tí sùúrù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń tán ni ìgbà tí inú ẹran bá gbóná dé bí 65 sí 75, tí ooru inú ẹ̀ á wá dúró sójú kan fún wákàtí mélòó kan. Kì í ṣe pé iná ti kú o. Omi tó ń gbẹ kúrò lára ẹran ló ń mú un tutù bí iná ṣe ń mú un gbóná, àfi kéèyàn dúró tàbí kó fi ìwé wé e.

Tí wọ́n bá gé e tán, ẹ máa rí ilà pupa rẹ́súrẹ́sú létí ẹran, lábẹ́ èèpo dúdú. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó kọ́kọ́ rí i máa ń rò pé kò jinná, ó jinná. Gáàsì inú èéfín ló wọnú ẹran tó sì di àwọ̀ ẹ̀ mú kó má pa dà di aláwọ̀ eérú.

Burnt ends

Burnt ends, ìyẹn etí brisket tó jó, ni oúnjẹ tí Kansas City fi bọ́ sí gbangba. Ẹran méjì ló wà lára brisket, ọ̀kan pẹlẹbẹ tí ò lọ́ràá, èkejì nípọn ó sì kún fọ́ràá, tí wọ́n ń pè ní point. Nílé Arthur Bryant láyé ìgbà kan, etí tó jó tó sì ti gbẹ ni wọ́n máa ń gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà, oníbàárà tó wà lórí ìlà á sì mú jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà táwọn èèyàn gbọ́ nípa ẹ̀ tán ó di títà. Lónìí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń gé point sí kéékèèké, wọ́n á fi sọ́ọ̀sì pa á, wọ́n á dá a padà sínú èéfín, ó rọ̀ ó sì dùn, àmọ́ ti àtijọ́ tó gbẹ tó sì lágbára lẹ́nu ti ń ṣọ̀wọ́n.

Sọ́ọ̀sì

Àwọn tó wà níta mọ ti Kansas City sí sọ́ọ̀sì tòmátò tó ki tó sì dùn bíi ṣúgà nítorí K.C. Masterpiece, tí Rich Davis, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé, ṣe jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ti Bryant ò rí bẹ́ẹ̀, fíníkà àti páríkà ló pọ̀ níbẹ̀, ó máa ń hán lẹ́nu. Ti Gates náà ò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilé oúnjẹ mìíràn

Joe's Kansas City bẹ̀rẹ̀ nínú ilé epo ní Kansas City, Kansas, ní 1996, Oklahoma Joe's lorúkọ ẹ̀ títí di 2014. Wọ́n ṣì ń ta epo níbẹ̀, ìlà àwọn tó fẹ́ jẹun sì máa ń yọ síta. Jeff àti Joy Stehney ló ni ín, inú ìdíje báábékìù ni wọ́n ti wá, sáńwíìṣì wọn tó lókìkí ni Z-Man: brisket, wàràkàṣì provolone àti àlùbọ́sà díndín. Wọ́n ní ẹ̀ka ní Leawood àti Olathe.

Fiorella's Jack Stack ni tàwọn tó fẹ́ jókòó kí wọ́n gbé oúnjẹ bá wọn, ẹran ìhà màlúù àti ẹ̀wà wọn lókìkí. LC's, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, kéré, ààrò ẹ̀ wà níbi téèyàn ti lè rí i, gbogbo ara lèéfín á sì ti máa rùn kéèyàn tó jáde. Jones Bar-B-Q jẹ́ ti tẹ̀gbọ́n tàbúrò obìnrin méjì tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá wọn, tẹlifíṣọ̀n gbé wọn jáde ní 2019. Q39 àti Slap's, tí wọ́n ṣí ní 2014, wà lára àwọn tuntun.

Bí wọ́n ṣe ń jẹun níbẹ̀

Lọ́pọ̀ ibi, kántà lèèyàn á ti sọ ohun tó fẹ́. Nílé Bryant, ẹni tó mú ọ̀bẹ á kó ẹran lé búrẹ́dì funfun, á fi búrẹ́dì mìíràn dé e, á wá fi kùkúḿbà oníkíkan àti pòtétò díndín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àwọn ibòmíràn ń ta kóósìlọ̀ àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pẹ̀lú omi ọ̀rá ẹran. Àwọn ilé kan kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, burnt ends sì máa ń tán kí ilẹ̀ tó ṣú torí wọn ò lè sáré yan òmíràn lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà ọ̀sán gangan làwọn onílùú máa ń lọ.