Epo làpálàpá nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tó ti ń kọsẹ̀

Ewúrẹ́ kì í fẹnu kan làpálàpá, tí àwọn kan ń pè ní bòtujẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ máa gbìn ín yí oko ká. Oró wà nínú hóró rẹ̀, curcin àti phorbol ester, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Àmọ́ nǹkan bí ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n hóró náà ló jẹ́ epo. Níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó máa fi epo yìí se ọbẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé ó lè di dísẹ́ẹ̀lì láìgba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Epo náà kò ṣeé dà sínú ẹ́ńjìnnì bó ṣe jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìfúnpo. Ó ki tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá dísẹ́ẹ̀lì. Nọ́sù kò ní lè fọ́n ọn dáadáa, èédú á sì máa dì mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tó mú un ki ni pé ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta ló so mọ́ gilisarín kan ṣoṣo, ìyẹn èròjà tó dà bí okùn tó dì wọ́n pọ̀. Methanol, irú ọtí kan tí kò ṣeé mu, ló ń gba ipò gilisarín yẹn kí àwọn mẹ́ta náà lè tú ká. Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn alọ́ṣẹ ń lò ló ń mú iṣẹ́ náà yá.

Fún 100 lítà epo tó mọ́, tí kò lómi nínú, ẹ óò lo 20 lítà methanol àti 350 gíráàmù kọ́sítíìkì. Inú methanol ni ẹ óò ti kọ́kọ́ yọ́ kọ́sítíìkì, nínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Methanol lè fọ́ ènìyàn lójú, bó bá sì gbiná lọ́sàn-án, agbára káká lojú fi ń rí ọwọ́ iná rẹ̀. Ẹ gbé epo gbóná dé 55 dígírì. Kò gbọdọ̀ kan 65, nítorí ní 64.7 ni methanol ń hó. Ẹ da àpòpọ̀ náà sínú epo, ẹ rò ó fún wákàtí kan, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gilisarín dúdú á rọ̀ sísàlẹ̀, bayodísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń wá, á lé sókè.

Kọ́sítíìkì 350 gíráàmù yẹn kì í tó fún epo làpálàpá, torí epo náà sábà máa ń kan. Bí hóró bá fọwọ́ kan òjò, tàbí tó pẹ́ nínú àpò, epo inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já sí ásíìdì. Ìdánwò kékeré ló ń sọ bó ṣe kan tó. Ẹ yọ́ gíráàmù kan kọ́sítíìkì sínú lítà kan omi aláìlẹ́gbin. Ẹ po mílílítà kan epo mọ́ mílílítà 10 isopropyl alcohol, kí ẹ kán phenolphthalein díẹ̀ sí i, ìyẹn èròjà tó ń yí àwọ̀ padà bí ásíìdì bá tán. Ẹ wá máa kán omi kọ́sítíìkì sí i títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí àwọ̀ náà kò sì tètè lọ. Mílílítà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé jẹ́ gíráàmù kan àfikún lórí lítà epo kọ̀ọ̀kan. Bó bá gba mílílítà 2, 550 gíráàmù ni 100 lítà yóò gbà.

Tó bá ti kọjá nǹkan bíi 3, ẹ má wulẹ̀ fi kọ́sítíìkì kún un mọ́. Ọṣẹ ni yóò dà, gilisarín kò sì ní ya sọ́tọ̀. Irú epo bẹ́ẹ̀, ásíìdì inú bátìrì, ìyẹn sulfuric acid, ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò fún un pẹ̀lú methanol. Èyí tó ki ni wọ́n ń lò, tí omi kò pọ̀ nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo. Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ń bí omi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ omi yẹn kúrò kí kọ́sítíìkì tó kàn án.

Lẹ́yìn náà ni fífọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń wọ́n lé e lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá mì ín tagbáratagbára nígbà àkọ́kọ́ á rí i tó dì bí ògì. Wọ́n á wá gbé e gbóná kí omi tán nínú rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ pé, ẹ da mílílítà 3 rẹ̀ sínú mílílítà 27 methanol: bí ohunkóhun bá rọ̀ sísàlẹ̀, epo tútù ṣì wà níbẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń jó dáadáa, èéfín rẹ̀ kì í sì í dúdú tó ti dísẹ́ẹ̀lì. Ó ń bó ìdọ̀tí tó ti pẹ́ nínú táǹkì, nítorí náà fílítà á tètè dí níbẹ̀rẹ̀. Ó tún ń ba páìpù rọ́bà àtijọ́ jẹ́.

Oko gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Láàárín 2005 sí 2009 ni ariwo làpálàpá gba ayé kan. Iléeṣẹ́ epo rọ̀bì BP bá D1 Oils, iléeṣẹ́ làpálàpá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dòwò pọ̀ ní 2007, ó sì fi í sílẹ̀ ní 2009. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé igi náà ń hù lórí ilẹ̀ ṣíṣá. Ó ń hù níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ so níbẹ̀. Èso rẹ̀ kì í sì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, àjápadà-já.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí hẹ́kítà kan bá mú tọ́ọ̀nù kan hóró wá, ẹ̀rọ ìfúnpo tó dára á rí nǹkan bí 295 lítà nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mu lítà 3 ní wákàtí kan á ti mu ún tán kí 100 wákàtí tó pé. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á wá ilẹ̀ ọlọ́ràá, ajílẹ̀ àti omi, ìyẹn ilẹ̀ tí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń wá. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn fífún pàápàá kò ṣeé fún ẹran jẹ nítorí oró náà, àfi kí wọ́n fi ṣe ajílẹ̀.

Hóró igi rọ́bà lérè ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú tiwa. Oje igi ni wọ́n torí rẹ̀ gbin rọ́bà, ilẹ̀ ti sanwó ara rẹ̀, hóró sì ń já sílẹ̀ lásán. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tútù ló ń bọ́ sí, epo rẹ̀ sì máa ń kan gan-an bí wọn kò bá tètè ṣà á kí wọ́n sì sá a gbẹ. Bó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ásíìdì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.