Ring Road tiwọn yàtọ̀ sí tiwa: ìbéèrè àwọn tó fẹ́ ti Ìbàdàn lọ ṣe fàájì ní Iceland

Àwọn mẹ́rin kan ní Bódìjà ti ń dá àjọ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Àjọ ilẹ̀ kọ́, àjọ ìyàwó kọ́. Ọ̀kan nínú wọn, àbúrò mi, yóò pé ọmọ 40 ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n sì ti fẹnu kò pé Iceland làwọn ti máa ṣe é. Wọ́n fẹ́ rìn lórí òkè omi dídì, wọ́n fẹ́ wo iná tó ń jó lójú ọ̀run lóru. Ìyá wa gbọ́, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ súwẹ́tà méjì nígbà ọyẹ́?" Èmi ti dé ibẹ̀ rí, ọjọ́ mẹ́jọ péré nínú oṣù kẹta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ìbéèrè bò mí lórí WhatsApp. Mo kó wọn jọ síbí, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń béèrè.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé òtútù ibẹ̀ ò ní pa wá báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ fi ti òtútù sílẹ̀ ná. Nínú oṣù kìíní tí òtútù ń mú jù, Reykjavík tó jẹ́ olú ìlú wọn kì í sábà jìnnà sí 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fíríìsà tí ìyá wa ń kó ẹja sí tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kan ló ń ṣàn wá láti ìhà Gulf of Mexico, tó la Àtìláńtíìkì kọjá títí dé etí ilẹ̀ wọn. Òun ni kò jẹ́ kí ibẹ̀ dì gbagidi bí orúkọ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná kó lè tètè tutù? Bí afẹ́fẹ́ Iceland ṣe máa ṣe ara yín gan-an nìyẹn. Ooru díẹ̀ tí ara yín bá pèsè, yóò gbá a lọ, ẹ ó tún pèsè òmíràn, yóò tún gbá a lọ. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò bí mo ṣe ń ṣí i ní Mọ́kọ́lá, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Afẹ́fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ mi, ó ká a sẹ́yìn, irin tó dì í mú ké wéè. A fi ipá tì í padà, àmọ́ kò padé délẹ̀ mọ́, ó sì ń súfèé fún wa títí a fi dá mọ́tò padà. Àwọn tó yá wa ní mọ́tò kò bínú rárá. Wọ́n kàn fi ìka tọ́ ibi kan nínú ìwé àdéhùn tí mo ti fọwọ́ sí: ìnṣọ́ránsì kì í san ti ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ bá ká. Owó tí mo san níbẹ̀, mi ò ní í sọ ọ́ síbí, ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Ẹ máa dojú mọ́tò kọ afẹ́fẹ́ tí ẹ bá fẹ́ páàkì, kí ẹ sì fọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú.

Ìbéèrè: Ṣé ká ra kóòtù ńlá, irú tí wọ́n ń wọ̀ nínú fíìmù?

Ìdáhùn: Rárá o. Aṣọ tín-ín-rín mẹ́ta sàn ju kóòtù ńlá kan lọ. Èyí tó bá kan ara, irun àgùntàn ni kó jẹ́, kó má ṣe jẹ́ òwú. Òwú máa ń mu òógùn, kò sì ní í tètè gbẹ, yóò wá lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Èyí tó tẹ̀ lé e ni súwẹ́tà. Èyí tó wà lókè pátápátá ni jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti òjò kò lè gbà kọjá, òun nìkan ló sì yẹ kí ẹ náwó lé.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òkìrìkà fún ìyókù. Ẹ yí ọrùn aṣọ síta, kí ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bí ẹ bá rí "wool" tàbí "merino", ẹ má jẹ́ kí ojú yín dán, ẹ rọra béèrè iye rẹ̀. Ta ló ń du súwẹ́tà onírun àgùntàn nínú oòrùn Ìbàdàn? Ẹ ó rà á ní ọ̀pọ̀. Bàtà nìkan ni kí ẹ má ra ní òkìrìkà. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì fi oṣù kan wọ̀ ọ́ nílé kó lè mọ ẹsẹ̀ yín. Ẹ máa fi gun Òkè Arẹ̀ lọ sí Láyípo láràárọ̀ Sátidé, kí àwọn ọmọ máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ fi agbòòrùn sílẹ̀ sílé. Òjò ibẹ̀ kì í ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá.

Ìbéèrè: Oṣù wo ló dáa jù? A fẹ́ rí iná ojú ọ̀run, a sì fẹ́ dé àárín àwọn òkè.

Ìdáhùn: Ẹ ò lè jẹ méjèèjì pọ̀. Níbí, oòrùn ò ṣe é bá wí: bó ṣe ń yọ nínú oṣù kìíní náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń yọ nínú oṣù kẹfà. Tiwọn yàtọ̀. Nígbà tí ọdún bá ń parí, oòrùn Reykjavík a yọ ní nǹkan bí aago 11 kọjá ogún ìṣẹ́jú, a sì wọ̀ ní nǹkan bí aago 3 ààbọ̀ ọ̀sán. Nínú oṣù kẹfà, ọ̀gànjọ́ òru ló ń wọ̀, kí aago 3 ìdájí sì tó lù ó ti tún yọ. Ilẹ̀ kì í ṣú rárá.

Iná tí ẹ ń sọ yẹn, èérún agbára tí oòrùn ń fọ́n jáde ló ń fà á. Agbára òòfà tó wà lára ayé a darí wọn sí ìhà àríwá àti gúúsù, wọn a wá lu afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè, ọ́síjìn yẹn ló ń tàn ní àwọ̀ ewé. Kò dẹ́kun lẹ́ẹ̀rùn, àmọ́ ta ló ń rí àtùpà lọ́sàn-án gangan? Òkùnkùn ni ẹ nílò, ìyẹn láti ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹrin. Àwọn ọ̀nà tó lọ sí àárín òkè ńkọ́? Wọn kì í sábà ṣí ṣáájú oṣù kẹfà, òmíràn di oṣù keje.

Tèmi ni pé kí ẹ lọ ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí nínú oṣù kẹta, kí ẹ gbàgbé àárín òkè. Kí ẹ sì mọ̀ pé kámẹ́rà máa ń rí àwọ̀ ju ojú lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé èéfín ni. Ìgbà tó ṣe bí ẹni gbọn aṣọ òfì lẹ́ẹ̀kan ni mo tó dákẹ́.

Ìbéèrè: Físà ńkọ́?

Ìdáhùn: Físà Schengen ni, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó gba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Iceland kò sí nínú European Union, àmọ́ ó wà nínú Schengen láti ọdún 2001. Wọn kò ní ilé aṣojú ìjọba ní Nàìjíríà, ẹ wo ojú-ewé ìjọba wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè mọ orílẹ̀-èdè tó ń bá wọn gba ìwé. Àgbàlagbà ń san 90 yúrò, wọn kì í dá a padà bí wọn ò bá fún yín. Ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tí ẹ máa mú lọ kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ má san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe é gbà padà kí físà tó jáde.

Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ gba Amsterdam, Paris tàbí Frankfurt. Ẹni tó bá ní kí ẹ gba Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé ó dínwó, ẹ bi í ta ló máa san owó físà ìlú ọba, nítorí ọmọ Nàìjíríà sábà máa ń nílò físà láti kọjá níbẹ̀, bí ẹ ò bá tilẹ̀ bọ́ síta nínú pápákọ̀ òfurufú.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí gbogbo nǹkan fi wọ́n níbẹ̀ tó báyẹn?

Ìdáhùn: Gbogbo wọn lódidi kò tó 400,000. Ìbàdàn nìkan ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ọjà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun fún ìwọ̀nba ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè pọ́ọ̀kú, owó iṣẹ́ sì ga. Ẹni tó ń gbé àwo fún yín níbi oúnjẹ, owó oṣù gidi ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi retí kí ẹ fi ṣéńjì sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí owó ń gbà lọ: ibi tí ẹ ó sùn sí, oúnjẹ, àti mọ́tò. Òkìtì omi, etí òkun dúdú, iná ojú ọ̀run, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, bí ẹ bá yọ owó páàkì kúrò. Nítorí náà ẹ yá ilé tó ní kíṣìnì. Ẹ ra oúnjẹ ní Bónus, ilé ìtajà tí wọ́n ya ẹlẹ́dẹ̀ aláwọ̀ píńkì sórí àwọ̀ ìyeyè sí iwájú rẹ̀ (àwọn Mùsùlùmí inú yín má bẹ̀rù, àmì lásán ni). Owó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan tí mo jẹ ní ilé oúnjẹ, ọjọ́ méjì ni mo fi jẹun nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sè fúnra mi. Ẹ má gbé ẹran gbígbẹ tàbí wàrà láti ilé, wọn kò gbà á wọlé.

Omi ńkọ́? Ẹ má ra omi rárá. Èyí tó tutù lẹ́nu ẹ̀rọ mọ́ gaara. Èyí tó gbóná ló ń rùn bí ẹyin, nítorí láti inú ilẹ̀ ló ti ń hó bọ̀, ẹ̀yà Ìkọ̀gòsì ni, àmọ́ tiwọn ń fò sókè. Strokkur, ọ̀kan nínú àwọn ìsun omi gbígbóná wọn, ń tú omi sókè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́wàá, ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní í da á bò yín.

Ìbéèrè: A gbọ́ pé wọ́n ní Ring Road. A fẹ́ yí i po ní ọjọ́ méje.

Ìdáhùn: Ring Road tiwa, láti Challenge, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín bí sún-kẹẹrẹ bá di ojú ọ̀nà. Tiwọn yí gbogbo orílẹ̀-èdè po, 1,322 kìlómítà, bí ìgbà tí ẹ lọ láti Ìbàdàn sí Èkó ní ìgbà mẹ́wàá. Inú mọ́tò ni ẹ ó ti lo ọjọ́ ìbí yín. Ẹ dúró sí ìhà gúúsù, kí ẹ máa lọ, kí ẹ máa bọ̀.

Iná iwájú mọ́tò gbọ́dọ̀ máa tàn tọ̀sán-tòru. Eré kò gbọdọ̀ ju 90 lọ lójú títì ọlọ́dà. Ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà wọnú pápá, òfin kọ̀ ọ́. Ilé epo tí kò ní òṣìṣẹ́ pọ̀, káàdì tó ní PIN ni ẹ̀rọ ń gbà. Kí ẹ tó sanwó mọ́tò, ẹ béèrè irú káàdì tí wọ́n máa fi di owó ìdúró mú, nítorí káàdì náírà lè já yín kulẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Òkè omi dídì yẹn, ṣé a lè dá gùn ún?

Ìdáhùn: Ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, yóò fún yín ní irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ bàtà. Owó tó yẹ kí ẹ ná nìyí, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti ṣọ́ owó ná. Ihò tó jìn wà nínú omi dídì náà, yìnyín tín-ín-rín sì lè bò ó lójú. Ní Reynisfjara, etí òkun dúdú, ìgbì kan lè dákẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e sáré dé ibi tí ẹ dúró sí. Ó ti gbé àwọn àlejò lọ. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí òkun nítorí fọ́tò. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 112 ni ẹ ó pè.

Ìbéèrè: Ààfáà tó wà nínú wa ní, nígbà wo la ó kírun ìṣà ní oṣù kẹfà?

Ìdáhùn: Ìdí mìíràn nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lọ ní oṣù kẹsàn-án.

Ìbéèrè: Kí la máa rà bọ̀ fún ìyá wa?

Ìdáhùn: Ó ti sọ fún mi: orí ẹja gbígbẹ, sítọ́kifíìṣì. Mo sì rí ibi tí ó ti ń wá. Inú ilé gbọọrọ kan ni wọ́n ti ń gbẹ ẹ, ooru tó ń ti ilẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń yan án, òórùn rẹ̀ pàdé mi lójú títì kí n tó rí ilé náà. Nàìjíríà ni ọjà tó ń ra orí wọ̀nyẹn jù lọ, àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ jẹ ẹ́. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ fi ẹrù ọkọ̀ òfurufú gbé e. Ó ti ṣáájú yín dé ọjà Bódìjà.