Ìyá Ìbejì Wo Ni Wọ́n Ń Pè? Bí Shortcut Kan Ṣe Ń Rí Ẹni Tó Máa Jẹ́ Ẹ Nínú Kọ̀ǹpútà

Nínú kọ́ḿpáàǹdù kan ṣoṣo ní Kubwa, l'Abuja, ìyá ìbejì lè tó mẹ́ta. Tẹ́nì kan bá dúró lẹ́nu géètì tó pariwo pé "Ìyá Ìbejì o!", àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn rárá, tórí pé oníkálukú ń rò pé ẹnì kejì ni wọ́n ń pè. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá kan lẹni yẹn dúró sí tó ń pè, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ẹni tó ni yàrá ló máa jáde. Bọ́rọ̀ shortcut, ìyẹn bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù téèyàn ń tẹ̀ láti fi pàṣẹ dípò kó lọ wá a nínú mẹ́nù, ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn gẹ́lẹ́. Ctrl+C kan náà la máa ń tẹ̀, ṣùgbọ́n nínú wíńdò kan ṣoṣo, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lè tó márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká mú software tí wọ́n fi ń tajà, irú èyí tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù spare parts ní Apo, l'Abuja náà, máa ń ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà wà lápá òsì, tábìlì ọjà tí wọ́n rà wà láàárín, nísàlẹ̀ àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń kọ nǹkan bíi "ó máa san èyí tó kù lọ́jọ́ Jímọ̀" sí. Akọ̀wé wá tẹ Delete. Tó bá jẹ́ inú àpótí yẹn ni kọ́sọ̀, ìyẹn àmì tó ń fi ibi téèyàn wà hàn, wà, lẹ́tà kan ló yẹ kó lọ. Tó bá jẹ́ inú tábìlì, ìlà ọjà kan. Tó bá wá jẹ́ lápá òsì lọ́hùn-ún, odidi kọ́sítọ́mà ló máa lọ yẹn, tòun ti gbèsè tó jẹ. Bọ́tìnì kan, iṣẹ́ mẹ́ta, ìkẹta yẹn sì lè lé akọ̀wé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Kíbọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo eléyìí o. Nọ́ńbà lásán ló ń fi ránṣẹ́, pé bọ́tìnì báyìí ti wálẹ̀, bọ́tìnì báyìí ti dìde. Windows, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà, ló máa gba nọ́ńbà yẹn, òun náà á sì kọ́kọ́ yọ tiẹ̀ kúrò níbẹ̀ kó tó fi èyí tó kù sílẹ̀ fáwọn prógíráàmù. Ctrl+Alt+Delete, fún àpẹẹrẹ, kò lè dé ọ̀dọ̀ prógíráàmù kankan láéláé. Ọ̀gbẹ́ni David Bradley ní IBM ló dá a sílẹ̀ sínú IBM PC tó jáde lọ́dún 1981, láti fi tún ẹ̀rọ tàn, nígbà tó yá Windows NT, oríṣi Windows kan, sọ ọ́ di ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọlé, tórí wọ́n mọ̀ pé kò sí ayédèrú prógíráàmù tó lè já a gbà lọ́nà. Windows+L tí wọ́n fi ń ti ojú kọ̀ǹpútà pa náà ń bẹ lára àwọn tí Windows ń yọ fún ara ẹ̀, òun àti Alt+Tab tí wọ́n fi ń bọ́ láti wíńdò kan sí òmíì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn prógíráàmù tó ti lọ fórúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Windows, pé ibi yòówù kí èèyàn wà, tí wọ́n bá ti tẹ Ctrl+Shift+nǹkan báyìí, ẹ pè mí. Àwọn tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà fẹ́ràn èyí gan-an. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín, tí ẹlòmíì bá wá béèrè bọ́tìnì kan náà, Windows máa sọ fún un pé wọ́n ti gbà á, ó sì kù sọ́wọ́ prógíráàmù yẹn bóyá ó máa sọ fún ẹni tó ń lò ó àbí ó máa dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń dákẹ́. Ìdí nìyí tí shortcut kan fi lè ṣiṣẹ́ lánàá kó má ṣiṣẹ́ lónìí, kò sì sí nǹkan tó bàjẹ́, prógíráàmù méjì kàn fi ara wọn sáré ni nígbà tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà.

Èyí tí kò sẹ́ni tó gbà nínú gbogbo ìyẹn ló máa wá dé wíńdò tó wà níwájú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Wíńdò kọ̀ọ̀kan ní ibi kan tí àwọn tó ń kọ software ń pè ní focus, ìyẹn ibi tí ohun téèyàn ń tẹ̀ ń lọ, ẹnu ọ̀nà yàrá tá a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ìbéèrè ni pé, tí bọ́tìnì bá dé, ṣé ẹni tó wà nídìí focus ni kó kọ́kọ́ rí i, àbí bàbá onílé, ìyẹn wíńdò fúnra ẹ̀?

Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ software kọ́ ló fẹnu kò lórí ìyẹn. Nínú Win32, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà kọ software fún Windows tó ṣì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nǹkan títí dòní, bàbá onílé ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Prógíráàmù máa ní tábìlì kan tí wọ́n kọ gbogbo shortcut sí, bọ́tìnì tó bá sì wọlé, iṣẹ́ kan nínú Windows tí wọ́n ń pè ní TranslateAccelerator á kọ́kọ́ lọ wo tábìlì yẹn. Tó bá bá a níbẹ̀, ó máa sọ ọ́ di àṣẹ fún wíńdò, àpótí tí kọ́sọ̀ wà nínú ẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan. Ẹ wá wò ó báyìí, ẹni tó kọ software ṣọ́ọ̀bù Apo yẹn lọ fi Delete lásán sínú tábìlì yẹn, ó ní kó máa pa ìlà ọjà rẹ́. Akọ̀wé ṣi orúkọ kọ sínú àpótí, ó fẹ́ pa lẹ́tà kan, ó tẹ Delete, lẹ́tà wà níbẹ̀ gbọin, ọjà ló lọ. Ẹni bá ti kọ software fún Windows rí á ti ṣe àṣìṣe yìí tàbí kó ti tún ti ẹlòmíì ṣe.

Java Swing, ọ̀nà mìíì tí wọ́n ń gbà kọ software oníwíńdò, yí i padà, inú ló ti ń jáde síta. Ẹni tó ní focus ló ń kọ́kọ́ wo ìwé tiẹ̀, tí kò bá sí níbẹ̀, ó kan òbí tó gbé e dání, òbí òbí ẹ̀, títí tó fi dé òkè, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bi gbogbo ará wíńdò tó kù. Qt, tóun náà jẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ní tiẹ̀ fi ọ̀wọ̀ kún un: kó tó jẹ́ kí shortcut ṣiṣẹ́, ó máa kọ́kọ́ lọ bi ẹni tó wà nídìí focus pé, "bọ́tìnì kan dé o, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?" ShortcutOverride lorúkọ ìbéèrè yẹn. Tí àpótí ìkọ̀wé bá ní òun fẹ́ ẹ, shortcut jókòó jẹ́ẹ́. Béèyàn bá bi mí, èyí dáa ju ti Win32 lọ fíìfíì.

Àmọ́ tí àwọn méjì bá wá ní àwọn làwọn ni shortcut kan náà nínú gbogbo wíńdò ńkọ́? Ká ní ẹni tó kọ apá kọ́sítọ́mà fún un ní Ctrl+F láti wá orúkọ, ẹlòmíì tó kọ apá ọjà náà fún un ní Ctrl+F láti wá ọjà, oníkálukú dán tiẹ̀ wò lọ́tọ̀, ó ṣiṣẹ́, wọ́n wá kó o pọ̀. Nínú Qt, kò sí èyí tó máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀ nínú méjèèjì, ó kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí akọ̀wé ò lè rí pé shortcut yìí kò dá òun lójú. Ìyá ìbejì méjì, kò sẹ́ni tó jáde. Nínú Swing, ọ̀kan máa jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èwo? Wọn kò ṣèlérí, ó lè jẹ́ èyí lónìí kó jẹ́ ìyẹn lọ́la, ìyẹn ló sì burú jù lójú tèmi, tórí ẹ̀rọ tó dákẹ́ sàn ju ẹ̀rọ tó ń ṣe ségesège lọ.

Ohun tó ń tú u ni kí wọ́n ya orúkọ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára bọ́tìnì, kí wọ́n sì ya ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára méjèèjì. Macintosh ló ṣe èyí tó mọ́ jù. Copy inú mẹ́nù níbẹ̀ kò ní ọ̀gá kan pàtó, téèyàn bá tẹ Command+C, tí wíńdò fúnra ẹ̀ ò bá gbà á, mẹ́nù ló máa gbà á, á wá lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nídìí focus pé ṣé o mọ copy ṣe, tíyẹn bá ní rárá, á gòkè sí ẹni tó tẹ̀ lé e, tí kò bá sí ẹnì kankan, Copy á ṣá nínú mẹ́nù, kò ní ṣeé tẹ̀, kéèyàn lè mọ̀ pé kò sí nǹkan láti copy. Tí wọ́n bá kọ software Apo lọ́nà yìí, apá kọ́sítọ́mà kàn máa sọ pé "mo mọ Wá ṣe", apá ọjà náà á sọ bẹ́ẹ̀, Ctrl+F ò ní jẹ́ ti ẹnì kankan nínú wọn.

Ìdí mìíì tí kò fi yẹ kí apá kọ̀ọ̀kan máa dúró de bọ́tìnì fúnra ẹ̀ ni pé iṣẹ́ kan lè ní bọ́tìnì méjì. Z, X, C, V tó tò síra wọn yẹn, tí wọ́n fi ń ṣe undo, cut, copy àti paste, láti orí kọ̀ǹpútà Lisa tí Apple gbé jáde lọ́dún 1983 ni wọ́n ti wá, àmọ́ IBM fi ìlànà tiẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1987, Shift+Insert ni wọ́n fi ń paste nínú ẹ̀, Windows sì ń gba méjèèjì dòní. Àwọn àgbà tó ti ń tẹ̀wé ní business centre látìgbà DOS, ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbòde, Shift+Insert lọwọ́ wọn mọ̀. Tí tábìlì ọjà bá ń wá Ctrl+V nìkan, tiwọn ò ní ṣiṣẹ́, wọ́n á sì ní kọ̀ǹpútà ti dàgbà.

Èyí tó kan àwa gan-an nìyí. Lórí Windows, AltGr, ìyẹn Alt apá ọ̀tún lórí àwọn kíbọ́ọ̀dù kan, bíi Ctrl+Alt ló ṣe ń dé etí prógíráàmù. Tẹ́nì kan bá fi irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kọ ẹ, ọ àti ṣ, tàbí tí Alhaji tó wà ní tábìlì kejì ń fi kọ ɓ àti ƙ ti Haúsá, software tó bá ti sọ Ctrl+Alt+lẹ́tà di shortcut máa já lẹ́tà yẹn gbà lọ́nà, èèyàn á fẹ́ kọ ẹ̀yìn, wíńdò mìíì á ṣí. Microsoft fúnra wọn kìlọ̀ fáwọn tó ń kọ software pé kí wọ́n má lo Ctrl+Alt fún shortcut nítorí èyí, ṣùgbọ́n Word tiwọn gan-an ń fi Ctrl+Alt+M sí comment, ẹ wò ó ná. Ẹni tó bá ń kọ software kàn lè fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó bọ́ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan kó tẹ gbogbo lẹ́tà tó ní àmì, èyí tí kò bá jáde nínú wọn, shortcut kan ló gbé e mì.