Ìjà Èsì Ọ̀rọ̀ Ló Bí Tẹlifíṣọ̀n Wa

Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ nà, tí wọn ò jẹ́ kó fèsì, ló dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1956. Ó di wàhálà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fìbínú jáde. Ni Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, bá bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà, kóun sọ tẹnu òun. Wọ́n kọ̀.

Òfin ọdún 1954 wá gba àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí ò sì fi mọ sórí rédíò. Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn. Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn òǹwòran rí. “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn ará Mòrókò, tí tiwọn ti tàn lọ́dún 1954, lè fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ará Ìbàdàn fa irú ọ̀rọ̀ yẹn? Enugu tẹ̀lé e lọ́dún 1960, Kàdúná àti Èkó lọ́dún 1962. Oníkálukú ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn ni Àkúrẹ́ bá wọn dá sí i. Oṣù Kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú. Lọ́dún 1977, ìjọba ológun fi Decree 24 kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀. Ohun tí Awólọ́wọ̀ torí ẹ̀ jà tún padà sọ́wọ́ Èkó. Òfin ọdún 1979 ló tún ṣílẹ̀kùn fáwọn ìpínlẹ̀, tí ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa náà fi wá di ohun tá à ń pè ní OSRC (Ondo State Radiovision Corporation) l'Órita Obele n'Ákúrẹ́ lónìí.

Ìdí ọparun ni mo ti mọ tẹlifíṣọ̀n ní tèmi. Orí ẹ̀ ni wọ́n so antẹ́nà mọ́, èmi sì ni mo máa ń yí i.

“Ṣé ó ti mọ́?”

“Iyanrìn ṣì ń dà! Yí i sọ́wọ́ òsì!”

“Báyìí ńkọ́?”

“Ó ti lọ pátápátá! Dá a padà!”

Tó bá wá mọ́ tán, NEPA á mú iná lọ.

Tọ́jọ́ bá ṣenuure, gbogbo Nàìjíríà ló ń wọ pálọ̀ wa nínú eré apanilẹ́rìn-ín: Samanja, ṣọ́jà láti Kàdúná, àti Zebrudaya láti ilẹ̀ Ìgbò, tó ń fọ́ òyìnbó bí ẹni ń fọ́ àwo. Ìyá àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Àṣé ìròyìn Yorùbá ló máa dá wọn lágara. Yorùbá ìwé ni akàròyìn ń sọ, ìyá àgbà sì ń pe ilé ní “ulé”, wọ́n ń pe igbá ní “ugbá”. Wọ́n á ní ọmọ Ọ̀yọ́ wo lèyí tún jẹ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ìpínlẹ̀ tí Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀, Àkókó, Ìjọ̀ Arógbò àti àwọn Èkìtì (kí wọ́n tó gba tiwọn lọ́dún 1996) jọ wà, ẹnu ta ni akàròyìn fẹ́ fi ka ìròyìn tí kò ní ku ẹnì kan tí ń kùn?

Síbẹ̀, tó bá ti ní “Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òǹwòran wa”, ìyá àgbà á tún gèlè wọn wé, wọ́n á fi ohùn Àkúrẹ́ dá a lóhùn, wọ́n á sì bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀.