Bí Owó-Orí Obìnrin Ṣe Kásẹ̀ Nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1944, ìyá ọlọ́jà kan ní Abẹ́òkúta sọ pé òun fẹ́ mọ̀wé kà. Ìyá yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o, nítorí bí kò bá là á lẹ́nu, bóyá ọ̀rọ̀ ò bá má dé ibi tó dé.

Ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ẹ̀bẹ̀ náà dé, ẹni tí ará ilé àti ará ìlú mọ̀ sí Béèrè. Àlùfáà Israel Ransome-Kuti, ọkọ rẹ̀, ni ọ̀gá Abeokuta Grammar School. Béèrè àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan nígbà náà. Ẹgbẹ́ oníkàbà ni. Wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń kọ́ ara wọn ní ìtọ́jú ilé àti bí a ti ń gbàlejò. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn aróṣọ, ìyẹn àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn ìyá yẹn kò gbé síléètì nìkan wá. Wọ́n gbé ìṣòro ọjà wá pẹ̀lú.

Ìrẹsì ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, láìsanwó tó tọ́. Ní 1945, Béèrè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn aláṣẹ, ó gbé e dé inú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ṣíwọ́. Ẹni tó bá ti rí i pé ohùn òun mú kí wọ́n jọ̀wọ́ àpò ìrẹsì kò ní padà dákẹ́ mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, orúkọ ẹgbẹ́ yí padà sí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, oníkàbà àti aróṣọ di ọ̀kan. Béèrè fúnra rẹ̀ pa kàbà tì, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá. Bí òyìnbó bá pè é sí ìpàdé, Yorùbá ló fi ń dá a lóhùn, kí àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ.

Owó-orí ló wá dójú ẹ̀. Ọdún 1918 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé e wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún náà gan-an ni Ogun Adúbí, ìjà àwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba náà, bẹ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti di asanwó-orí, ọmọkùnrin di ọdún 16. Ìyàwó ilé ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọkọ ń san tirẹ̀. Bí ìyá bá wá ní ọmọ òun kò tíì tó ọdún, àwọn agbowó-orí a máa tú ọmọ náà síhòòhò, kí wọ́n lè fojú wọn bóyá ó ti bàlágà. Obìnrin kankan kò sì sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣèlú. Ìlú tí Ẹfúnróyè Tinúbú ti jẹ Ìyálóde ní 1864 rèé, obìnrin tó fi ìbọn àti ẹ̀tù ran àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá lọ́wọ́ láti kojú Dàhòmì!

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé àwọn ò san. Ní Èkó, oṣù Kejìlá 1940, Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ọjà Eréko tí kò kàwé rárá, kó àwọn ìyá lọ bá ìjọba nígbà tí wọ́n ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa sanwó-orí. Wọ́n ti ọjà pa. Kò pẹ́ tí ìjọba gbé e sí £200.

Ní Abẹ́òkúta, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, léraléra. Wọ́n gba onímọ̀ ìṣirò kó bá wọn yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Wọ́n ní kí ìjọba lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èrè ilẹ̀ wọn lọ. Ìjọba ń ju àwọn tí kò san sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn láyè ìwọ́de, wọ́n ní àríyá làwọn ń lọ ṣe. Béèrè kọ́ wọn bí wọn yóò ti fi aṣọ bo ojú bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú.

Ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 kó ara wọn síwájú ààfin Aké, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Orin ni wọ́n fi ń bá Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì wí, ọba tí ìjọba kó gbogbo àṣẹ lé lọ́wọ́ láìbi ará ìlú léèrè. Orin náà le, wọ́n bú u bí ìyá ṣe ń bú ọmọ tó ti tẹ́. Àwọn aláṣẹ ṣèlérí fún àwọn obìnrin náà, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí ìlérí kò ṣẹ, wọ́n padà lọ́jọ́ 8, oṣù Kejìlá, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí ìjọba fi tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Bí mo bá ń kọjá ní Aké, ìdúró yẹn ni mo máa ń rò: ta ló ń tọ́jú ọmọ nílé, ta ló ń ṣọ́ ẹrù lọ́jà, tí wọ́n fi lè sun ìta bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́?

Ní 1948 wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró. Aláké kúrò nílùú, ó gba Òṣogbo lọ. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, 1949, ó kọ̀wé fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ó padà wálé ní ìparí ọdún 1950, ọba náà ló sì jẹ́ títí ó fi wàjà. Ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́rin ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, Béèrè wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ ìbò ló kàn. Béèrè rin Nàìjíríà káàkiri lórí rẹ̀. Ní Gúúsù, gbogbo obìnrin ti ń dìbò kí òmìnira tó dé. Ní Àríwá, níbi tí wọ́n ti ju Gambo Sawaba, obìnrin olóṣèlú kan, sẹ́wọ̀n léraléra nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó di ọdún 1976.

Oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá, ọmọ Béèrè, ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, 1978. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín ní Abẹ́òkúta, àwọn ìyá ọlọ́jà ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì ti ọjà pa.