Oòrùn yàtọ̀ sí ooru: ohun tó ń mú òwò sólà kékeré dàgbà n'Ìjẹ̀bú

Títo páńẹ́lì sórí páànù àti fífa wáyà rẹ̀ wọlé kọ́ ni ibi tí iṣẹ́ sólà ti le. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná yanjú, oṣù díẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ti tó o. Ọjà rẹ̀ náà ò jìnnà: ẹni tó bá jí kúrò n'Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lọ sí Alábà l'Ékòó lè kó ẹrù délé kílẹ̀ tó ṣú. Àsansílẹ̀ oníbàárà ni wọ́n sábà fi ń ra bátìrì àti ínfátà, èrè oníṣẹ́ sì wà nínú ìyókù tí wọ́n máa san bí iná bá ti tàn. Oníbàárà náà ò wọ́n mọ́ látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí yúnìtì iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, sì di náírà 225 lóṣù kẹrin ọdún 2024. Síbẹ̀, nínú àwọn tó jọ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan á máa gba ọmọṣẹ́ kún ọmọṣẹ́, àwọn kan á sì padà sídìí wáyà fífà láìpẹ́. Ohun tó sábà ń fa ìyàtọ̀ náà ni bóyá wọ́n mọ oòrùn yàtọ̀ sí ooru.

Ẹnu wa ló kọ́kọ́ ń dá àṣìṣe yìí sílẹ̀. Bí ọ̀sán bá gbóná, a ó ní oòrùn mú. Oníbàárà á wá gbà pé ọjọ́ tí páànù ń jóni lọ́wọ́ ni sólà òun ń ṣiṣẹ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ta ọjà náà yé sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́lì ń sọ di iná. Ṣe ni ooru ń dín agbára rẹ̀ kù. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń mú wá nínú ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ kedere, bí ara rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lóṣù kẹta, lórí páànù n'Ìkẹ́nnẹ́, ara páńẹ́lì lè gbóná ju 60 lọ. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá fi ju 25 lọ, nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ló ń bá a lọ. Bí gbogbo páńẹ́lì ilé kan bá jẹ́ 1,000 wáàtì, ó lè pàdánù ju 100 lọ lọ́sàn-án gangan, lásìkò tí onílé ń yọ̀ pé oòrùn òní dára.

Ẹ wo àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Bí ilẹ̀ ò bá tíì mọ́, kò lè ṣe nǹkan kan, torí kò ríran. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé e lọ sóko, ebè tó sì ń kọ láàárọ̀ máa ń pọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn ti bò ó, apá rẹ̀ ti wúwo. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ooru ló ń bá a kọ ebè. Àgbẹ̀ á dé akẹtẹ̀, á sì wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dúró sí. Páńẹ́lì ò lè dé akẹtẹ̀, torí akẹtẹ̀ á dí ìmọ́lẹ̀ tó ń jẹ, nítorí náà atẹ́gùn nìkan ló kù fún un. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í fi í lẹ̀ mọ́ páànù. Irin ló fi ń gbé e sókè, kí ọwọ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí afẹ́fẹ́ sì máa rìn níbẹ̀. Ìhà gúúsù ló ń dojú rẹ̀ kọ, á sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Bí oyẹ́ bá dé, ara àgbẹ̀ yìí á tutù, ṣùgbọ́n eruku á bò ó lójú. Àwọn tó ń sọ pé òtútù ni kì í jẹ́ kí sólà ṣiṣẹ́ lásìkò oyẹ́, eruku ni kí wọ́n mú. Aṣọ àti omi ló ń tán ìṣòro náà. Ní ti oṣù keje, ìkùukùu máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dá, tí sánmà là, tí ara páńẹ́lì ṣì tutù, ìgbà yẹn gan-an ló ń mú iná wá jù.

Apá kejì àṣìṣe yìí ló ń jẹ owó. Ooru ò lè bá páńẹ́lì ṣe iná, ṣùgbọ́n a lè fi iná ṣe ooru, ó sì ń gbówó lórí gan-an. Kí oníṣẹ́ tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó wọ ilé lọ, kó ka ohun tó ń lo iná níkọ̀ọ̀kan, wáàtì rẹ̀ àti iye wákàtí tí wọ́n ń tàn án. Gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ò ní bá a fa wàhálà. Ohun tó ń gbóná ni kó ṣọ́ra fún: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, bọ́ílà. Láti mú garawa omi 20 lítà kúrò ní ìwọ̀n 26 dé 42 tí ara ń fẹ́, iná tó ń jẹ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta yúnìtì. Gílóòbù 10 wáàtì á fi iná yẹn tàn fún wákàtí 37. Bátìrì olómi tí wọ́n kọ 12V àti 200Ah sí lára ń gba yúnìtì 2.4, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa lò kó má bàa tètè kú. Bí ẹni mẹ́ta bá fi bọ́ílà gbé omi wẹ̀, wọ́n ti jẹ bátìrì kan tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bátìrì lithium ṣeé lò dé 80 tàbí 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò kéré. Oníṣẹ́ tí kò bá béèrè nípa bọ́ílà, tó kàn gbowó, á gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀ nípàdé ẹgbẹ́, torí n'Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá sọ nínú Régbérégbé rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọ sún mọ́ra, kì í pẹ́ kó tó kárí.

Ilé èèyàn kan ò nílò kí wọ́n fi ooru kún un n'Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ. Ilé òròmọdìyẹ ló nílò rẹ̀. Òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń fẹ́ ìwọ̀n 32 sí 35 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa dín in kù ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọlọ́sìn adìyẹ tí eèdú ti sú á wá béèrè fún sólà tó máa gbé gílóòbù ooru mẹ́rin, 250 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti àṣálẹ́ dé òwúrọ̀, wákàtí 12, yúnìtì 12 nìyẹn. Bátìrì mẹ́wàá irú èyí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló máa gbé e fún òru kan péré. Ẹni tí ebi èrè ń pa á tà á fún un. Ẹni tó fẹ́ kí òwò òun pẹ́ á ní kó fi ooru sílẹ̀ fún gáàsì tàbí eèdú, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, kó wá fi sólà tan iná, kó fi fa omi. Owó kékeré ló máa gbà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọlọ́sìn yẹn ló máa padà wá fún ti fírísà.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ni ọgbọ́n tó dùn jù wà. Sólà lè fa omi kànga ẹlẹ́rọ lójú ọ̀sán láìsí bátìrì kankan: ìmọ́lẹ̀ dé, páǹpù yí, ilẹ̀ ṣú, ó dúró, omi sì ti kún táǹkì. Táǹkì ti ṣe iṣẹ́ bátìrì, kì í sì í gbó bíi tiẹ̀. Bákan náà, ilé ìtura tó fẹ́ omi gbígbóná fún àlejò ò nílò láti sọ ìmọ́lẹ̀ di iná kó tó sọ iná di ooru. Àwọn túùbù dúdú kan wà tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé, tí omi ń gba inú wọn kọjá, tí ooru sì ń wọ̀ ọ́ tààrà. Níbẹ̀ gan-an ni ooru ti wúlò. Ó dunni pé àwọn tó ń ta páńẹ́lì kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ooru tún ń ṣọ́ bátìrì. Bátìrì olómi tó bá ń gbé níbi tó fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 gbóná ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí nǹkan bí ìdajì. Abẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n tì pa ni ọ̀pọ̀ ń kó o sí. Èyí ló so mọ́ owó tó ń gbé òwò kékeré ró níbí, torí ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ ti àwọn tó ń gbé l'Ékòó àti òkè òkun, tí wọ́n ń wálé fún Iléyá àti Ojúde Ọba tó máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta rẹ̀. Ilé á wà ní títì, omi bátìrì á gbẹ, eruku á bo páńẹ́lì. Owó kékeré tí onílé bá ń san lóṣooṣù, pé kí oníṣẹ́ máa wá nu páńẹ́lì, kó máa bu omi tí wọ́n ṣe fún bátìrì sí i, kó sì máa ṣí fèrèsé, ni wọ́n fi ń sanwó ọmọṣẹ́ nígbà tí òjò bá dá iṣẹ́ tuntun dúró. Bí Iléyá bá wá dé, tí iná ilé náà ò ṣẹ́jú, àwọn ẹlẹgbẹ́ onílé tí wọ́n wá kí i á béèrè ẹni tó bá a ṣe é.

Bí oníṣẹ́ bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀yìn bátìrì ni kó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé, kó mọ̀ bóyá ó gbóná.