Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Tó Di Ọgbà Òmìnira

Àwọn àgbà ní ahéré ni yóò kẹ́yìn oko, ààtàn ni yóò kẹ́yìn ilé. Ilé kan wà ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, tí òwe yìí ṣẹ mọ́ lára gẹ́lẹ́. Wọ́n wó o ní 1979, ààtàn sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jogún. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, kò sí ìtàn tí mo fẹ́ pa mọ́, òwe ti pa á tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ní alẹ́ tí agbo ariyá bá wà, ìlù àti fèrè ni yóò gbọ́, òórùn ẹja yíyan ni yóò sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan mìíràn ti kẹ́yìn ààtàn.

Lẹ́nu Yorùbá, orúkọ ibẹ̀ kò tilẹ̀ yí púpọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Lónìí, Ọgbà Òmìnira ni, Freedom Park tí wọ́n kọ sára pátákó. Ọgbà dúró, ẹ̀wọ̀n ló kó ẹrù rẹ̀ lọ. A kì í sábà ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, ọgbà: ohun tí a fi yí nǹkan ká ni, kí ewúrẹ́ má baà wọ inú ẹ̀fọ́, kí ẹranko má baà sá lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà fo ìgànná lọ sọ́jà. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń fún un lórúkọ. Ẹ̀wọ̀n ní tirẹ̀, irin olórùka lásán ni, èyí tí wọ́n ń fi de ènìyàn mọ́lẹ̀ kó tó di pé òyìnbó kọ́ ilé lé e lórí. Àwa náà ní túbú tiwa tẹ́lẹ̀, kò yẹ ká máa díbọ́n. Ṣùgbọ́n ilé ńlá tí wọ́n ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sí, tí wọ́n ń ka ọdún lé wọn lórí bí ẹni ń ka owó, ìyẹn bá ìjọba òyìnbó wọlé ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ìjọba tó bá gba ìlú kì í pẹ́ kó tó nílò kóòtù, kóòtù kì í sì í dá dúró láìsí ibi tí yóò máa kó àwọn tó bá dá lẹ́bi sí. Ọdún tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n Broad Street sílẹ̀ kò bára mu nínú ìwé: ìtàn iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n mú un lọ sí 1872, ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò nínú ọgbà náà fúnra rẹ̀ sì mú 1882. Ohun tí ìtàn kejì yìí sọ nípa ilé àkọ́kọ́ ni pé amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n sì fi bò ó. Ẹni tó bá mọ Èkó yóò ti mọ ohun tó kàn. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìjọba náà ń ju iná gba orí odi wọlé, koríko sì ń gbà á. Ẹ̀wọ̀n tó ń jóná kì í ṣe ẹ̀wọ̀n mọ́.

Ìdí nìyí tí ìjọba fi kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885. Iye tí wọ́n ní ó ná wọn jẹ́ £16,000. Lọ́dún kan náà, £700 ni wọ́n ní ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ó tó ìlọ́po mẹ́tàlélógún, ó kù díẹ̀. Bíríkì tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìlú ọba, tó wá jókòó sí Èkó níbi tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé wà lọ́pọ̀ yanturu, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣì wà lára àwọn ilé àtijọ́ erékùṣù náà! Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba kan kà sí pàtàkì, kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kó wo ibi tí owó rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn olórúkọ ti ń gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń dá ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wọnlẹ̀wọnlẹ̀, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ejòńgboro. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1913, wọ́n sì tún sọ ọ́ sí i ní 1928, oṣù mẹ́fà, nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí, ọba tí òyìnbó rọ̀ lóyè tí wọ́n sì lé lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí òmìnira dé, ilé náà kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn tó jà fún òmìnira ló tún ń wọ̀ ọ́, kìkì pé ẹni tó ń tì wọ́n wọlé ti yí àwọ̀ padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni wọ́n dá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́bi pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Broad Street wà lára ibi tó jókòó sí kí wọ́n tó gbé e lọ sí Calabar, níbi tí ìjọba Gowon ti dá a sílẹ̀ ní 1966.

Àwọn olórúkọ ni a ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀: olè, oníjà, àti àwọn tí ẹ̀sùn wọn kò ṣe é ṣàlàyé. Àwọn kan wà tí wọn kò bá ẹsẹ̀ ara wọn jáde, nítorí igi tí wọ́n ti ń so ènìyàn rọ̀ wà nínú ọgbà náà.

Nígbà tí wọ́n wó o ní 1979, bíríkì olówó iyebíye yẹn tú ká. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rántí Johannesburg. Ní ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà lórí òkè níbẹ̀, wọ́n wó ilé tí wọ́n ń kó àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ sí, wọ́n sì kó bíríkì rẹ̀ jọ, wọ́n fi mọ ògiri kóòtù tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè South Africa. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣí kóòtù náà. Adájọ́ ń dájọ́, bíríkì ẹ̀wọ̀n ń wò ó lẹ́yìn. Ní Èkó, kò sí ẹni tó fi tiwa pamọ́. Ohun tó kù ni odi, ìpìlẹ̀, àti ilẹ̀ gbalasa kan láàárín ìlú tí ilẹ̀ ti ń wọ́n ju wúrà lọ. Ìdọ̀tí sì kún un.

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ilé alájà ogún sórí ilẹ̀ náà. Bóyá ẹ̀rù ibẹ̀ ló gbà á là.

Ayàwòrán-ilé kan, Theo Lawson, ló rí nǹkan mìíràn nínú ààtàn náà. Ó fa èrò rẹ̀ yọ nígbà tí ọdún 2000 ń súnmọ́, tí oníkálukú ń ronú ohun tí ìlú yóò fi ṣe ìrántí, ṣùgbọ́n ó tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó dé ilẹ̀. Àyájọ́ àádọ́ta ọdún òmìnira Nàìjíríà ló fún un ní ẹsẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, náwó sí i, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2010.

Ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ Lawson ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ti ń ṣìnà. Kò tún ẹ̀wọ̀n kọ́ kí àwọn ènìyàn lè wá sunkún. Kò sì pa ojú ilẹ̀ rẹ́ kó wá gbin òdòdó lé e lórí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó bi ilẹ̀ náà léèrè ohun tó wà níbì kọ̀ọ̀kan, ó sì fi èyí tó jọ ọ́ sípò rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ni àwọn olóúnjẹ wà báyìí. Àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́, ó fi ìwọ̀n wọn ṣe ìsọ̀ kéékèèké, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń patẹ sí. Bí o bá dúró láàárín ìsọ̀ kan tí o sì na apá méjèèjì, ara rẹ yóò sọ fún ọ bí ọjọ́ ẹlẹ́wọ̀n ṣe gùn tó, kò sí ìwé tó lè ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé mùsíọ́mù kan wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán sì wà. Ibi tí igi ìsorọ̀ wà ló di pèpéle ńlá tí olórin àti òṣèré ń gùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ síbẹ̀, orin ni mo bá lọ. Mo ti jókòó tó wákàtí kan, mo ti ń mi orí, kí ọ̀rẹ́ mi tó yọ́ sọ fún mi pé, “Ṣé o mọ ohun tó wà níbi tí arákùnrin yẹn ti ń fọn fèrè?” Nígbà tó sọ ọ́ tán, orí mi kò mì mọ́. Yorùbá kì í jó níbi òkú ọ̀fọ̀. Òkú àgbà là ń lùlù fún, ẹni tí wọ́n so rọ̀ kì í ṣe òkú àgbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, mo sì gbé e sùn. Títí di òní, n kò lè sọ pé ara mi balẹ̀ sí i tán, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ohun tí ì bá burú ni kí wọ́n fi pamọ́ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ nítorí pé ọgbà náà sọ fún un.

Ohun mìíràn tún wà tó mú kí ibẹ̀ dúró. Ó ń jẹun fúnra rẹ̀. Ilé àtijọ́ tí a kàn tún kùn, tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a wá fi olùṣọ́ kan sí ẹnu ọ̀nà, òjò méjì ni yóò fi padà sí bó ṣe wà. Ní Ọgbà Òmìnira, olóúnjẹ ń san owó ìsọ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó ń san owó ilẹ̀, àlejò ń san owó ìwọlé. Bákan náà, ilẹ̀ tí koríko àti igi wà lórí rẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní erékùṣù náà mọ́. Níbi tí kọnkéré ti gba gbogbo ilẹ̀, omi òjò mélòó ló tún rí ibi rì sí?

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, àwọn ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti máa dáàbò bo ilé àtijọ́, tún Jaekel House ṣe. Ilé òyìnbó rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898 ni, ó sì ti di mùsíọ́mù kékeré fún ìtàn ọkọ̀ ojú irin. Ó dára, ó tutù, ó sì yẹ ní wíwò.

Ti Ìlọ́jọ̀ Bar ló yẹ ká fi wé ti Ọgbà Òmìnira. Ní gbàgede Tinúubú ni ilé Àgùdà yìí wà, èyí tí àwọn ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855. Ó ti jẹ́ ilé ọtí àti ilé oúnjẹ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ó gba orúkọ tuntun. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ilé tí kò níṣẹ́ lórí ilẹ̀ olówó ńlá sì dà bí ẹran tó sùn sẹ́nu ọ̀nà alápatà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katakátà wó o lulẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ẹ̀wọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ràn wà láàyè, ilé ẹlẹ́wà tí òfin dì mú ti lọ.

Lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù kọkànlá bá dé, àwọn òǹkọ̀wé àti òǹkàwé máa ń pé jọ sí Ọgbà Òmìnira fún àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó. Wọ́n a to tábìlì, wọ́n a to ìwé lé e, wọ́n a máa bú ìjọba bó ṣe wù wọ́n lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa sáré kiri láàárín wọn. Inú odi kan náà ni Macaulay ti ṣe oṣù mẹ́fà nítorí ohun tó tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.